GPS wo ló bá motorhome yín mu? Ẹ wọn ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó nawó

Ẹ jẹ́ n tètè dé ibi tọ́rọ̀ wà. Google Maps àti Waze tó wà lórí fóònù yín, kò síbi tẹ́ ẹ ti lè sọ fún wọn pé ọkọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wà ga ju mítà 3 lọ. Lójú tiwọn ọkọ̀ kékeré ni gbogbo ayé ń wà, ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré bá ti lè gbà ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ gbà, ì báà jẹ́ abẹ́ bíríìjì tó rẹlẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀nà oko tí igi ti ya bò lọ́tùn-ún lósì. Motorhome sì rèé, ilé ni wọ́n gbé ka táyà, bẹ́ẹ̀dì ńbẹ̀, kíṣìnnì ńbẹ̀, omi ńbẹ̀, gáàsì ńbẹ̀, ẹni tó bá sì ti fi í ṣe rìfáàsì lójú ọ̀nà tóóró rí, tí mọ́tò mẹ́ta tò sẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n ń fọn fèrè, á mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́nì kan bá bi mí pé "èwo ni kí n rà", mo máa ń ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ṣé o mọ bí ọkọ̀ ẹ ṣe ga tó? Ṣé o mọ̀ ọ́n dájú àbí ò ń méfò? Torí GPS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọ́ dírẹ́bà sọ́nà, èyí tó dáa jù láyé pàápàá, tẹ́ ẹ bá parọ́ gíga ọkọ̀ fún un, abẹ́ bíríìjì náà ló máa gbé yín lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: tépù lẹ máa kọ́kọ́ mú

Ẹ má gbára lé nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe rí nígbà tó jáde nílé iṣẹ́ ló ń sọ, kò mọ̀ pé ẹni tó lò ó ṣáájú yín ti gbé éàsì sórí òrùlé, tó tún fi sólà àti abọ́ sátẹ́láìtì tẹlifíṣàn kún un. Ọkọ̀ tí ìwé pè ní mítà 2.95, éàsì nìkan lè sọ ọ́ di 3.15, ogún sẹ̀ǹtímítà yẹn ló sì ń fa òrùlé ya.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ táyà pé. Ẹ gbé àkàsọ̀, ẹ wá pákó gígùn kan tó tọ́ gan-an, kẹ́ ẹ gbé e lé nǹkan tó ga jù lórí òrùlé kó sì yọ kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹnì kan á dì í mú, ẹ fi irinṣẹ́ táwọn bíríkìlà fi ń wo ilẹ̀ títẹ́ wò ó bóyá kò dagun, kẹ́ ẹ wá ta tépù láti abẹ́ pákó yẹn dé ilẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 lé e, ìyẹn lẹ máa fún GPS. Kí ló dé tá a fi ń fi lé e? Torí wọ́n lè ti da ọ̀dà tuntun sójú títì lábẹ́ bíríìjì kí wọ́n má pààrọ̀ nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, àti pé ọkọ̀ tó gùn máa ń gbé òrùlé sókè díẹ̀ tí títì bá rì láàárín.

Fífẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú díńgí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ṣíṣí, torí ṣíṣí náà lẹ máa fi wà á. Gígùn, ẹ ka irin tẹ́ ẹ̀ ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ lẹ́yìn mọ́ ọn. Ti ìwúwo ló le díẹ̀: ẹ di ẹrù bí ẹni tó ń lọ ìrìn àjò lóòótọ́, ẹ rọ omi kún tánkì, ẹ ro ti gáàsì, ti oúnjẹ, ti èèyàn, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sórí síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn tirela. Lítà omi kan, kìló kan ni, tánkì lítà 100 ti fi kìló 100 kún ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó gbé ìkòkò kan ṣoṣo wọlé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ní kò kọjá kìló 3,500 ló ti kọjá ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá di ẹrù tán, ẹ sì máa rí i níwájú pé nọ́ńbà 3,500 yẹn kì í ṣe nọ́ńbà lásán.

Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ síwájú dírẹ́bà, ní mítà àti ní ẹsẹ̀ bàtà, torí ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì ni wọ́n ń kọ sára bíríìjì ní Amẹ́ríkà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mítà 3.10 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 àti íǹṣì 2. Ẹ ò ní máa wá ṣírò ẹ̀ lórí eré. Bíríìjì rélùwéè kan wà ní Durham, North Carolina, tí gíga ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì 8 fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹní ṣí agolo sàdíìnì ló ṣe ń ká òrùlé ọkọ̀. Lọ́dún 2019 wọ́n gbé e sókè di 12 àti íǹṣì 4, síbẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń kọlù ú. Iná ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ o, àmì wà níbẹ̀ o, ọ̀pọ̀ wọn kàn háyà ọkọ̀ ni, wọn ò mọ bó ṣe ga tó.

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ wò ó bóyá ẹ tiẹ̀ nílò ẹ̀

Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì tí wọ́n kàn ṣe bẹ́ẹ̀dì sínú ẹ̀ ni tiyín, tí ò ga ju bíi mítà 2.6 lọ, ẹ jẹ́ kí owó yín dúró jẹ́ẹ́. Google Maps tó yín. Ibi tẹ́ ẹ ti máa la ojú yín ni ẹnu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n fi irin dábùú ẹ̀ lókè ní bíi mítà 2, torí kò sí GPS tó mọ gbogbo irin wọ̀nyẹn tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ háyà ọkọ̀ ńlá fún ọ̀sẹ̀ kan péré náà, ẹ má ra ẹ̀rọ. Áàpù tí wọ́n ń san owó ẹ̀ lóṣooṣù ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ pa á tẹ́ ẹ bá dá ọkọ̀ padà, ẹ má jẹ́ kó máa gé owó yín lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: fóònù àbí GPS gangan?

Ọ̀rọ̀ kan ti gbòde pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, fóònù ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ wà mọ́, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ ra GPS. Irọ́ ni. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà lókè lọ́hùn-ún, nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sílẹ̀, àwọn ló ń rán àmì wálẹ̀, fóònù kàn ń gbà á ni, kì í dá nǹkan kan padà fún wọn, kì í sì jẹ dátà. Tó bá ti gba àmì mẹ́rin, ó ti mọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Fóònù òde òní tún ń gba ti Galileo àwọn ará Yúróòpù, GLONASS ti Rọ́ṣíà àti BeiDou ti Ṣáínà mọ́ ọn. Ohun tó ń jẹ dátà ni máàpù fúnra ẹ̀ àti ìròyìn góòsìlóò. Tẹ́ ẹ bá ti da máàpù sórí fóònù látilé, ẹ lè wọ àárín òkè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé, á ṣì máa tọ́ yín.

Ibi tí GPS gangan ti yọrí ju fóònù lọ yàtọ̀ síyẹn. Àkọ́kọ́ ni ooru. Ìdí gíláàsì iwájú lójú oòrùn, fóònù tó ń ṣáájì, tó tan iná ojú ẹ̀ dé góńgó, tó tún ń ṣiṣẹ́ máàpù, kò lè pẹ́ tó fi máa gbóná tí á sì pajú dé. Apple fúnra wọn ní kí wọ́n lo iPhone níbi tí ooru ò ti kọjá 35°C, iwájú ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan sì máa ń kọjá ẹ̀ dáadáa. Ìkejì, ojú ẹ̀ tóbi, íǹṣì 7, 8, títí dé 10 wà, nínú motorhome ńlá tí gíláàsì iwájú jìnnà sí ìjókòó, ojú fóònù á dà bíi sítáǹbù. Ìkẹta, ẹnikẹ́ni ò ní pè yín sórí ẹ̀ nígbà tó ku mítà 100 kẹ́ ẹ yà.

Àmọ́ ó láléébù. Ó wọ́n, ó máa ń ronú lọ́ra tó bá ti lo ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tún máa ní kẹ́ ẹ so fóònù mọ́ òun kó tó rí ìròyìn góòsìlóò, bẹ́ẹ̀ fóònù náà lẹ ní ẹ fẹ́ sá fún.

Tèmi ni pé, ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ ga ju mítà 3 tàbí tó wúwo ju kìló 3,500 lọ, tó sì ń fi ọ̀pọ̀ oṣù rìn lọ́dún tó ń sọdá ibodè, kó ra ẹ̀rọ gangan, kó fi fóònù ṣe igbákejì ẹ̀. Àwọn yòókù, áàpù dáa. Garmin ní àwọn tó ṣe fún motorhome, Camper lorúkọ wọn ní Yúróòpù, RV ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. TomTom ní GO Camper. Lórí fóònù, Sygic ní èyí tó ṣe fún tirela àti káráfáànù (ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà), CoPilot náà ní ti RV, OsmAnd sì wà tó ń lo máàpù OpenStreetMap, èyí táwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn kọ jọ látọdún 2004. OsmAnd ò wọ́n, ó máa ń gba gíga àti ìwúwo ọkọ̀, àmọ́ sẹ́tíǹsì ẹ̀ pọ̀ bí irun orí, ẹni tí ò ní sùúrù kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà pé ó mọ̀ yín

Àwọn áàpù kan wà tó jẹ́ pé àwòrán motorhome tó wà lójú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n á fi ibi tẹ́ ẹ lè sùn sí hàn yín, wọ́n á fi ibi tẹ́ ẹ ti lè da omi ìdọ̀tí nù hàn yín, àmọ́ tó bá kan ká yan ọ̀nà, ọkọ̀ kékeré náà ni wọ́n ṣì ń rò. Ẹ má bá ẹni tó ń tà á jiyàn, ẹ dán an wò fúnra yín.

Ẹ ronú kan bíríìjì kan tó rẹlẹ̀ tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ ti rí nọ́ńbà ara ẹ̀, ká ní mítà 3 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ fi 1.80 sí gíga ọkọ̀ nínú áàpù, ẹ ní kó gbé yín láti apá kan bíríìjì dé apá kejì. Á gba abẹ́ ẹ̀ lọ tààrà. Ẹ wá lọ yí gíga padà sí 3.60, ẹ tún ní kó wá ọ̀nà, ibi kan náà sí ibi kan náà. Tí ìlà yẹn bá fò kúrò lábẹ́ bíríìjì tó lọ gba ibòmíì, ó mọ̀ ọ́n. Tó bá ṣì gba abẹ́ ẹ̀, ẹ má tíì pa á rẹ́, ẹ gbìyànjú bíríìjì méjì mẹ́ta míì, torí ó lè jẹ́ pé ẹyọ kan yẹn ni kò sí nínú máàpù wọn. Tó bá ń kùnà lọ bẹ́ẹ̀, ẹ gba owó yín padà. Ẹ ṣe irú ẹ̀ fún afárá tó ní òté ìwúwo, àti fún ọ̀nà tóóró. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, orí àga nílé lẹ sì ti máa ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 5: ohun míì tó yẹ kó mọ̀

Ìwúwo ló ṣáájú. Ní Jámánì, motorhome tó wà láàárín tọ́ọ̀nù 3.5 (kìló 3,500 yẹn náà ni) sí 7.5 ò gbọ́dọ̀ sá ju kìlómítà 100 ní wákàtí kan lọ lórí márosẹ̀, nígbà tọ́kọ̀ kékeré ń sá bó ṣe wù ú níbi tí wọn ò bá ti fi nọ́ńbà sí. Ní Faransé, tó bá ti kọjá 3.5, 110 ni lórí márosẹ̀, kì í ṣe 130. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, tọ́ọ̀nù 3.05 láìdi ẹrù ni ààlà tí ìwọ̀n eré wọn ti ń yí padà. GPS tó bá mọ iṣẹ́, ìwọ̀n eré ti ọkọ̀ YÍN ló máa kọ sójú, kì í ṣe ti gbogbo ọkọ̀. Owó ojú ọ̀nà náà ń yí padà: ní Austria, ẹni tí ò kọjá 3.5 máa ra vignette, ìyẹn ìwé owó ojú ọ̀nà, ẹni tó bá kọjá ẹ̀ máa lo GO-Box, ẹ̀rọ kékeré inú ọkọ̀ tó ń ṣírò owó lórí iye ibùsọ̀ tẹ́ ẹ rìn, ìnáwó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni.

Gáàsì ńkọ́? Ọkọ̀ tó ń fi gáàsì LPG rìn ò lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun láti Faransé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sílíńdà tẹ́ ẹ fi ń dáná yàtọ̀ síyẹn, wọ́n gbà á láàyè àmọ́ wọ́n fi òté sí i. Àwọn tọ́nẹ̀lì tó wà ní Baltimore ní Amẹ́ríkà náà lófin lórí propane, gáàsì inú sílíńdà. Kẹ́ ẹ wò ó bóyá GPS yẹn ní ibi tẹ́ ẹ ti lè sọ pé gáàsì wà lọ́kọ̀, tí ò bá ní, ẹ máa wo òfin tọ́nẹ̀lì fúnra yín.

Ẹ tún wo ti àwọn ìlú tí wọn ò fẹ́ èéfín. Lọ́ńdọ̀nù ní àgbègbè tirẹ̀, àwọn ìlú kan ní Jámánì ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé láìsí sítíkà aláwọ̀ ewé lójú gíláàsì. Ọ̀pọ̀ motorhome ló jẹ́ ọkọ̀ dísẹ́lì tó ti dàgbà, àwọn gan-an lófin yẹn sì ń wá. GPS tó lè yẹra fún irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ wúlò ju èyí tó ń fi ohùn gbajúmọ̀ òṣèré sọ̀rọ̀.

Ìkìlọ̀ kámẹ́rà eré sísá tó wà nínú GPS, ẹ pa á. Jámánì ò gbà kí dírẹ́bà máa lo ohun tó ń sọ ibi tí kámẹ́rà wà, Faransé náà ò gbà á, Switzerland ló tiẹ̀ le jù. Ẹ ti pa á kẹ́ ẹ tó dé ibodè.

Máàpù tuntun tún ńkọ́? Afárá Francis Scott Key ní Baltimore, ọkọ̀ ojú omi kọlù ú lóṣù kẹta ọdún 2024 ó sì wó sínú omi. GPS tí wọn ò tíì fún ní máàpù tuntun látìgbà yẹn ṣì máa ní kẹ́ ẹ gba orí ẹ̀. Ẹ béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń gbé tuntun jáde lọ́dún, ṣé owó wà níbẹ̀, àti pé tí wọ́n bá ní "títí ayé", ayé ta ni? Ó sábà máa ń jẹ́ ayé ẹ̀rọ yẹn bí ilé iṣẹ́ bá ṣe túmọ̀ ẹ̀, kì í ṣe tiyín.

Ìgbésẹ̀ 6: gbígbé e kọ́

Èyí ò le. Kó má dí ojú yín, kọ́wọ́ yín lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láìnà bí ẹni tó fẹ́ já ọsàn. Motorhome tí gíláàsì iwájú ẹ̀ jìnnà, ẹ wá apá tó gùn tàbí kẹ́ ẹ gbé e sórí dásíbọ́ọ̀dù. Gíláàsì kan wà tí wọ́n fi nǹkan bí irin tín-ín-rín sínú ẹ̀ nítorí ooru tàbí kó lè máa yọ yìnyín, irú ẹ̀ máa ń dí àmì sátẹ́láìtì lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá rí i pé GPS ń wá ara ẹ̀ kiri, ẹ sún un síbòmíì kẹ́ ẹ tó bú u. Ẹ lo ṣájà tó wá pẹ̀lú ẹ̀, bátìrì inú ẹ̀ kékeré ni, kò lè dá gbé ìrìn àjò.

Ìgbésẹ̀ 7: sẹ́tíǹsì, àti alẹ́ tó ṣáájú

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa yí ni èyí tó bá wà ní "ọ̀nà tó kúrú jù". Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kíá, ẹ gbé e sí "tó yá jù". Èyí tó kúrú jù ló ń mú èèyàn gba ẹ̀yìnkùlé àwọn àgbẹ̀ nítorí kó lè gé mítà 400 kúrò. Ẹ ní kó yẹra fún ọ̀nà tí wọn ò da ọ̀dà sí, tó bá sì níbi tẹ́ ẹ ti lè ní kó má sọ pé kẹ́ ẹ ṣẹ́rí padà lójú títì, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Lálẹ́ tó ṣáájú, ẹ fi ìka tẹ̀lé ọ̀nà náà látòkèdélẹ̀ lórí máàpù, kẹ́ ẹ wá fi àwòrán sátẹ́láìtì wo kìlómítà tó kẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni wàhálà máa ń wà. Àdírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ fẹ́ sùn sí lè gbé yín dé géètì ẹ̀yìn tí wọ́n ti tì pa. Nọ́ńbà ìtọ́ka (nọ́ńbà méjì tó ń sọ ojú ibi tí nǹkan wà lórí máàpù) tí ibùdó yẹn fúnra wọn bá fi síta ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe tò. Ilé gogoro Eiffel ní Paris, 48.8584, 2.2945 ni. Tẹ́ ẹ bá fi èyí ẹ̀yìn síwájú, àárín òkun Íńdíà ló máa gbé yín lọ, lápá ibi tí Sòmálíà wà. Ẹ tún wò ó bóyá dẹ́símà ni GPS yín ń fẹ́ àbí ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá, torí méjèèjì jọra lójú ẹni tó ti rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ló ń tẹ̀ ẹ́. Tí àmì ojú títì bá sọ nǹkan kan tí GPS sọ òmíì, àmì lẹ máa gbọ́, kódà kí GPS máa pariwo títí dọ̀la, á wá ọ̀nà míì fúnra ẹ̀.

Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà

Kò burú, àmọ́ ẹ tan án kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ wo ọdún tí máàpù inú ẹ̀ ti wà, ẹ wo máàpù orílẹ̀-èdè wo ló wà níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń tà á ti yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lórí ẹ̀, torí tí kò bá yọ ọ́, ẹ lè máà rí máàpù tuntun gbà. Ẹ yọ wáyà kúrò lára ẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi bátìrì nìkan ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mélòó kan, tó bá kú fin-ín, ẹ ti mọ̀. Ẹ tẹ gbogbo igun ojú ẹ̀ bóyá ó ń gbọ́. Ẹ gbé e jáde síta, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó rí sátẹ́láìtì. Tẹ́ni tó ń tà á ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe gbogbo èyí, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.